Ilé Tí Kò Ní Ìkélé: Ìtàn Eré Ojú-Ayé Lórí Tẹlifíṣọ̀n àti Ipa Rẹ̀ Lára Àwọn Ọ̀dọ́

Ilé ni a ti ń jẹ èkúté onídodo. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, wọn kò sì fi òwe yìí dáàbò bo oníwà ìbàjẹ́. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé apá kan wà nínú ìgbé-ayé ọmọ ènìyàn tí kì í ṣe fún ojú ọjà, àní bí kò tilẹ̀ sí ohun ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Bí a ti ń jẹun nígbà tí ebi bá pa wá, bí a ti ń sọ̀rọ̀ nígbà tí inú bá ń bí wa, bí a ti ń sùn tí a ń hanrun: ìkélé wà fún gbogbo wọn. Abájọ tí ó fi jẹ́ pé, nínú àdúrà tí a máa ń gbà fún ara wa, kí Ọlọ́run bò wá láṣìírí kì í jìnnà sí kí Ọlọ́run fún wa ní àlàáfíà.

Ní ọdún 2003, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà méjìlá wọ inú ilé kan ní Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n fi ìfẹ́ inú ara wọn gbà pé kí a máa fi kámẹ́rà wò wọ́n tọ̀sán-tòru fún ọjọ́ 106. Ọmọ Nàìjíríà kan wà láàárín wọn. Láti ìgbà náà wá ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wọ inú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọ̀dọ́ wa, débi pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè dárúkọ ẹ̀dá-ìtàn mẹ́ta nínú ìwé tí a yàn fún un lè ka orúkọ gbogbo àwọn tí ó wà nínú ilé náà láìṣi ọ̀kan. Ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, àti àwa tí a ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà, mọ orírun nǹkan yìí àti ohun tí ó ń ṣe, nítorí pé àwa ni a ó dojú kọ àwọn ọmọ tí ó ń wò ó.

Reality television ni àwọn Òyìnbó ń pe irú eré bẹ́ẹ̀. Nínú àròkọ yìí, eré ojú-ayé ni a ó máa pè é. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà túmọ̀ orúkọ náà. Ojú gbogbo ayé ni a ti ń ṣe é, èyí ni àkọ́kọ́. Èkejì ni pé bí Yorùbá bá ní ẹnì kan ń ṣe ojú ayé, wọ́n ń sọ pé ohun tí ó ń ṣe kò ti inú ọkàn rẹ̀ wá. Bí a bá ń bá àlàyé wa lọ, òǹkàwé yóò rí i pé ìtumọ̀ méjèèjì ni ó bá nǹkan náà mu.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó dára kí a rántí bí tẹlifíṣọ̀n ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ Olórí Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ètò ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí ìjọba ní lọ́kàn tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn òṣèré wa sì ni ìgbádùn rẹ̀ ti wá fún tèwe-tàgbà, pàápàá jù lọ Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Nígbà náà, kò sí ẹni tí ó ń ṣi eré mú fún òótọ́. Bí Bàbá Sàlá bá fi aago ńlá kọ́ ọrùn, tí ó ń ṣe ahun sí ìyàwó àti ọmọ, olùwòran mọ̀ pé nígbà tí eré bá parí, yóò bọ́ aṣọ eré sílẹ̀, yóò sì máa lọ sí ilé ara rẹ̀. Ilé ti ara rẹ̀ yẹn, kámẹ́rà kò dé ibẹ̀.

Ní ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ kó gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ yìí jọ sábẹ́ NTA. Ọdún 1992 ni wọ́n dá àjọ NBC sílẹ̀ láti máa ṣe àkóso ètò ìgbóhùn-sáfẹ́fẹ́, tí àǹfààní sì ṣí sílẹ̀ fún àwọn aládàáni. Láìpẹ́ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwo orí òrùlé tí ń gba àwòrán láti òfuurufú. Kí ó tó di pé eré ojú-ayé gúnlẹ̀, àwọn ètò kan ti wà lédè Yorùbá tí ó gbé ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn gidi sí etí aráyé. Àpẹẹrẹ pàtàkì ni 'Nǹkan Ń Bẹ' tí olóògbé Kọ́lá Ọláwuyì máa ń ṣe, nínú èyí tí ó ti ń tú iṣu àwọn ọ̀rọ̀ abàmì dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Etí ń hó nítorí ètò náà. Ṣùgbọ́n ìwádìí ni ó ń ṣe, ó ní ìbéèrè tí ó ń wá ìdáhùn sí.

Eré ojú-ayé gan-an kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1948 ni ètò Candid Camera ti ń fi kámẹ́rà pamọ́ láti fi dẹ́ pàkúté ẹ̀rín fún àwọn tí kò fura. Ní ọdún 1973 ni tẹlifíṣọ̀n PBS gbé An American Family jáde, apá méjìlá, lórí ìdílé kan ní ìpínlẹ̀ California. Ojú kámẹ́rà níbẹ̀ ni ìyàwó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ariwo ta ní ilẹ̀ náà. Àwọn kan ní ẹ̀kọ́ ni, àwọn kan ní ìwà àìnítìjú ni, àwọn ará ilé náà fúnra wọn sì ń ráhùn pé bí wọ́n ti gé àwòrán náà tí wọ́n sì tò ó kò fi àwọn hàn bí àwọn ti rí. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi ìráhùn yìí sọ́kàn, nítorí pé láti ọdún náà títí di òní, kò tíì yí padà.

Ìdíje ni ó sọ eré yìí di òwò ńlá. Ní ilẹ̀ Sweden, ní ọdún 1997, wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí erékùṣù kan, wọ́n ní kí wọ́n máa dìbò yọ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yọ, ọkùnrin kan tí ó sá fún ogun láti ilẹ̀ Bosnia, pa ara rẹ̀ kí eré náà tó jáde rárá. Wọ́n gbé e jáde síbẹ̀, àwọn olùwòran sì pọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, John de Mol àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Big Brother ní ilẹ̀ Họ́láńdì. Ilé kan ni, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, tí kámẹ́rà wà ní gbogbo igun, tí kò sí ìwé ìròyìn tàbí rédíò nínú rẹ̀. Inú ìwé George Orwell tí ó jáde ní 1949 ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Nínú ìwé yẹn, Ẹ̀gbọ́n Àgbà ni orúkọ aláṣẹ ìkà tí ó ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ gbogbo ará ìlú, tí kò sí ẹni tí ó lè mí ní kọ̀rọ̀. Òǹkọ̀wé náà fi dẹ́rù bà wá ni. Kò pé àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà tí àwọn oníṣòwò sọ ẹ̀rù náà di ìdárayá, tí àwọn ènìyàn sì ń du ara wọn kí ẹ̀gbọ́n náà lè máa ṣọ́ wọn! Ní Nàìjíríà, wọ́n ti gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí Biggie. Lédè tiwa, ẹ̀gbọ́n ni ẹni tí ń gbèjà àbúrò; irú ẹ̀gbọ́n tí ń wo àbúrò tí ó ń sunkún tí kò dá sí i, mi ò mọ orúkọ tí à bá pè é.

Gúúsù Áfíríkà gba eré náà ní ọdún 2001. Nígbà tí ti gbogbo Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2003, kò pẹ́ tí awuyewuye fi sọ. Ààrẹ Sam Nujoma ti ilẹ̀ Námíbíà ní kí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba ṣíwọ́ gbígbé e jáde. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Màláwì náà pàṣẹ bẹ́ẹ̀, kí ilé-ẹjọ́ tó yí àṣẹ náà padà. Cherise Makubale, ọmọbìnrin kan láti Zambia, ni ó gba ẹ̀bùn 100,000 dọ́là. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣe dáadáa nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e: Kevin Pam gbà á ní 2009, Uti Nwachukwu gbà á ní 2010, Karen Igho sì wà lára àwọn méjì tí ó gbà á ní 2011.

Nílé níbí, Gulder Ultimate Search ni ó ṣíwájú, láti 2004 títí di 2014, tí ó sì tún padà yọjú ní 2021. Inú igbó ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á kó àwọn ọ̀dọ́ lọ, wọ́n á fi ebi àti iṣẹ́ agbára dán wọn wò, wọ́n á sì ní kí wọ́n wá ohun ìṣúra kan tí a fi pamọ́ kàn. Ẹni tí ó bá ti ka Fágúnwà yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí pé Àkàrà-oògùn àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ju èyí lọ láti ọdún 1938. Ìdíje orin náà wà: Idols West Africa ti 2007 ni ó gbé Timi Dakolo jáde, Project Fame sì gbé Iyanya jáde ní 2008 àti Chidinma ní 2010. Èmi kò ní ẹ̀sùn púpọ̀ sí irú èyí. Ẹni tí ó ní ohùn ni a ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni a fi ń díje.

Ti Big Brother ilẹ̀ wa yàtọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2006, Katung Aduwak ni ó gba 100,000 dọ́là ìgbà náà, lẹ́yìn èyí ó dákẹ́ fún ọdún mọ́kànlá. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó wọ ilé ní 2006, Ebuka Obi-Uchendu, ni ó wá di olóòtú rẹ̀ nígbà tí ó padà dé ní 2017. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ya ti 2017, èyí sì mú kí àwọn ará ìlú máa béèrè ìdí tí a fi ń pè é ní ti Nàìjíríà. Alhaji Lai Mohammed, tí ó jẹ́ Mínísítà fún Ìròyìn nígbà náà, ní kí àjọ NBC wádìí rẹ̀. Ní 2019 ni wọ́n gbé ilé náà wá sí Èkó. Efe, Miracle, Mercy Eke tí ó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tí ó borí, Laycon, Whitemoney, Phyna, Ilebaye, Kellyrae, títí dé Imisi ní 2025: ọdọọdún ni orúkọ tuntun ń gorí ẹnu. Laycon tí ó borí ní 2020 jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn. Orúkọ ìdílé Imisi ni Àyánwálé, kò sì sí ẹ̀ka Yorùbá tí kò mọ iṣẹ́ tí a ń ṣe ní ilé tí a ti ń fi Àyàn sọ ọmọ.

Ǹjẹ́ ohun àjèjì pátápátá ni kí a máa gbé ìwà ènìyàn síta fún ìlú wò? Àwọn tí ó ń bá eré yìí jà máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn wa kò gbè wọ́n. Ẹ wo ẹfẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu àti ilẹ̀ Yewa. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ẹlẹ́fẹ̀ bá bọ́ sí ojú agbo, lẹ́yìn tí ó bá ti júbà àwọn ìyá, kò sí ẹni tí orin rẹ̀ kò lè kàn. Ìjòyè tí ó jẹ owó ìlú, olówó tí ó gba ilẹ̀ opó, aya tí ó lé ọmọ orogún jáde, gbogbo wọn ni yóò gbọ́ tiwọn, tí agbo yóò sì máa gbe orin náà. Àjọ UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọdọ̀ tọ́jú láti ọdún 2001. Ẹ wo ọdún Òkè'Bàdàn, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ tí ẹnu kì í gbà á sọ ní ọjọ́ mìíràn ń jáde ní gbangba, tí ẹni tí a ń sọ ọ́ sí kò sì gbọdọ̀ bínú. Ẹ wo alárìnjò. Ní ọdún 1826, Hugh Clapperton, Òyìnbó arìnrìn-àjò, jókòó níwájú Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé láti wo eré wọn. Apá kan nínú eré náà, òyìnbó ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà: ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, ó ń rìn bí ẹni tí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rí. Àlejò náà gan-an ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí lójú ara rẹ̀!

Nítorí náà, Yorùbá mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí a fi ènìyàn ṣe àwòkọ́ ní gbangba. Ibi tí ọ̀nà ti pín ni kí a wò dáadáa. Ẹlẹ́fẹ̀ ń kọrin nípa ohun tí ènìyàn ṣe sí ẹlòmíràn; kò tẹ̀ lé e wọ yàrá láti mọ bí ó ti ń sùn. Ọjọ́ wà fún un. Bí ilẹ̀ bá mọ́, agbo á tú, agọ̀ á wọlé. Àṣẹ àwọn àgbà àti ti òrìṣà ni ó sì gbé e dúró, kì í ṣe àṣẹ ẹni tí ó fẹ́ ta ọṣẹ tàbí ọtí. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni pé ẹni tí a fi orin bá wí ní òru, ìlú kan náà ni òun àti àwọn tí ó gbe orin yóò jọ máa gbé ní òwúrọ̀. Wọn yóò pàdé lójú odò. Wọn yóò kí ara wọn. Àǹfààní wà fún un láti tún ìwà ṣe, kí ìlú rí i pé ó tún un ṣe, kí ẹlẹ́fẹ̀ sì yìn ín ní ọdún tí ń bọ̀.

Nínú ilé Biggie, a kì í fẹ́ kí ìwà àléébù parí. Òun ni ọjà. Bí àwọn ará ilé bá gbé ní ìrẹ́pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn olùwòran yóò ní eré náà kò dùn. Nítorí náà, wọn a máa wá ohun tí yóò dá ìjà sílẹ̀: wọ́n ń pín wọn sí ẹgbẹ́ kí wọ́n díje, wọ́n ń gbé ọtí fún wọn ní àríyá alẹ́ Sátidé, wọ́n ń ní kí oníkálukú wọ yàrá lọ dárúkọ ẹni tí ó fẹ́ kí ó lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, wákàtí kan ni púpọ̀ nínú wa ń rí ní alẹ́. Ta ni ó gé ìyókù? Ẹni tí ó rẹ́rìn-ín ní ìgbà ogún tí ó sì bínú lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá jẹ́ ìbínú náà nìkan ni a fi hàn, onínúfùfù ni gbogbo Nàìjíríà yóò máa pè é. Ibí yìí ni ìtumọ̀ kejì orúkọ tí a fún eré náà ti wọlé. Àwọn ará ilé mọ̀ pé a ń wo àwọn, wọ́n sì ń ṣe ojú ayé. Ẹni tí ń gé àwòrán náà tún ń ṣe tirẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́ tí ó wà nílé sì rò pé òótọ́ ihòhò ni òun ń wò.

Kí ni ó wá ń ṣe lára àwọn ọ̀dọ́? Èmi yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Ní 2017, ẹ̀bùn náà jẹ́ mílíọ̀nù 25 náírà àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin nígbà náà jẹ́ 18,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tí ó bá ń gba èyí, tí kò ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, yóò ṣiṣẹ́ ju ọdún 115 lọ kí ó tó kó mílíọ̀nù 25 jọ. Ní 2025, àpapọ̀ ẹ̀bùn náà tó mílíọ̀nù 150 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ ti di 70,000 náírà láti 2024, síbẹ̀ ọdún 178 ó lé ni òṣìṣẹ́ náà yóò lò báyìí. Ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama lè ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀, àwọn mìíràn sì ti ṣe é. Nígbà tí olùkọ́ bá dúró níwájú wọn pẹ̀lú bàtà tí ó ti gbó, tí ó ń sọ pé ìwé ni ọ̀nà, ojú tí wọ́n fi ń wò ó kì í ṣe ojú tí àwa fi wo àwọn olùkọ́ tiwa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ ní ẹnu àdúgbò, pé jìbìtì ni ilé-ẹ̀kọ́. Kì í ṣe eré yìí ni ó bí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ń fún un ní ọmú mu.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, gbogbo ilé-ìwé ni a tì nítorí àrùn Kòrónà. Oṣù kan náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di oṣù Kejìlá. Láàárín rẹ̀, láti ọjọ́ 19, oṣù Keje títí di ọjọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án, eré ilé Biggie ń lọ láìdúró. Ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2022. Ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù Kejì, ó parí ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá. Eré bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje, ó parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni eré yìí bẹ̀rẹ̀ tí ó sì parí nígbà tí ẹnu ọ̀nà yunifásítì ìjọba wà ní títì. Ẹni tí ó bá ń bá ọ̀dọ́ wí pé ó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n ní oṣù mẹ́jọ yẹn, kí ó sọ ibi tí ó yẹ kí ó lọ fún wa.

Laycon tí ó borí ní 2020 tilẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ filọ́sọ́fì ní Yunifásítì Èkó. Gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn fi ilé àti mílíọ̀nù 5 náírà ta á lọ́rẹ, ó sì fi í jẹ aṣojú àwọn ọ̀dọ́. Àríyànjiyàn tí ó tẹ̀ lé èyí kò kéré. Ohun tí ó jọ mí lójú ni pé àwọn tí ń yìn ín kì í sábà rántí filọ́sọ́fì tí ó kọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí ń bú u.

A tún máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbò. Àwọn tí ó ṣètò eré náà kéde pé ìbò tí àwọn olùwòran dì ní 2020 lé ní mílíọ̀nù 900. Nínú ìdìbò Ààrẹ ti 2023, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tí ó dìbò kò sì pé mílíọ̀nù 26. Àwọn oníwàásù àti àwọn olóṣèlú fẹ́ràn láti fi nǹkan méjì yìí wé ara wọn, kí wọ́n fi dá ọ̀dọ́ lẹ́bi. Àfiwé náà kò tọ̀nà. Ẹnì kan lè dìbò fún ará ilé Biggie ní ọgọ́rùn-ún ìgbà láti orí ibùsùn rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò gba ìwé ìbò rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kò sì sí jàǹdùkú tí yóò gbé àpótí sá lọ. Bóyá ohun tí ó yẹ kí a kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ọ̀dọ́ máa ń dìbò níbi tí ó bá ti rí i pé ìbò òun kà.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ju owó lọ ni ìwà tí àwọn olùwòran ń hù sí ara wọn àti sí àwọn ará ilé lórí ayélujára. Olúkúlùkù ará ilé ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ń dá owó jọ fún un, wọ́n ń ra ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún un, wọ́n sì ń fi èébú wẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá ta kò ó, dé orí ìyá àti bàbá rẹ̀. Ní ilẹ̀ Jàpáánì, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Hana Kimura, ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 tí ó wà nínú irú eré bẹ́ẹ̀, gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn olùwòran ti rọ òjò èébú lé e lórí nítorí ìjà kan ṣoṣo tí wọ́n rí. Ní 2022, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ibẹ̀ mú kí ìyà tí ó wà fún irú èébú bẹ́ẹ̀ le sí i. Nínú àṣà wa, èébú ní ààlà: a kì í bú ẹni tí a kò mọ bàbá rẹ̀, nítorí pé ó lè jẹ́ ẹbí ẹni. Lórí ayélujára, kò sí ẹni tí ó mọ bàbá ẹnì kan.

Síbẹ̀, èmi kò lè gbà pé kò sí ohun rere kankan nínú rẹ̀. Ní 2017, wọ́n lé ọkùnrin kan kúrò nínú ilé náà nítorí pé ó fi ọwọ́ kan obìnrin kan ní ọ̀nà tí kò tọ́ nígbà tí ó ń sùn. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin jókòó jiyàn lórí ohun tí ó ń jẹ́ ìgbàláàyè, ọ̀rọ̀ tí ojú máa ń ti àwọn òbí àti àwa olùkọ́ láti sọ nínú kíláàsì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jade Goody, ẹni tí àwọn ènìyàn ti fi ṣe ẹlẹ́yà gidigidi láti 2002, ṣàìsàn jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ ní gbangba títí tí ó fi kú ní oṣù Kẹta 2009. Àwọn obìnrin tí ó lọ ṣe àyẹ̀wò àrùn náà sì pọ̀ sí i ní àkókò yẹn. Nílé wa níbí, ọmọ Tiv, ọmọ Ìgbò, ọmọ Yorùbá àti ọmọ Edo ń jẹ nínú ìkòkò kan náà lójú gbogbo ayé, àwọn olùwòran sì ń dìbò fún ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà wọn. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré ní ilẹ̀ wa.

Ní ti èdè, ìbànújẹ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì àti Pìjíìnì ni ilé náà fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ń fi Yorùbá ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n ń fi kọrin, wọ́n ń fi ṣépè, lẹ́yìn náà ó tán. Ọmọ tí ó bá ń wò ó fún oṣù mẹ́ta ní ọdọọdún yóò gbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé èdè àwàdà ni èdè ìyá òun, kì í ṣe èdè tí a fi ń ro ìrònú tàbí tí a fi ń gba ẹ̀bùn. Àmì ọdún 18 tí ó wà ní igun tẹlifíṣọ̀n kò dá ọmọ ọdún 12 dúró ní ilé tí ó jẹ́ pé yàrá kan ni gbogbo ìdílé ń gbé, tí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo sì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ yóò bá eré yìí ní kíláàsì, bí wọ́n fẹ́, bí wọ́n kọ̀. Kí wọ́n má fi pàṣán lé e jáde. Yóò gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹni tí ó bá ní àròkọ láti kọ́ àwọn ọmọ lè mú ìjà kan tí gbogbo wọn ti rí nínú ilé náà, kí ó pín kíláàsì sí mẹ́ta: kí àwọn kan kọ ọ́ lẹ́nu ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ìjà, kí àwọn kan kọ ọ́ lẹ́nu ẹni tí wọ́n bá jà, kí àwọn ìyókù sì kọ ọ́ lẹ́nu ẹni tí ó jókòó sí yàrá kejì, tí ó ń gé àwòrán náà, tí ó sì mọ ohun tí ó gé jù nù. Yorùbá ni kí wọ́n fi kọ ọ́, Yorùbá gidi, tí ó ní àmì ohùn lórí.